Ogun Tí Wọ́n Rà Láwìn: Ta Ló Sanwó Ọmọ Ogun Íńdíà?

Ìtàn méjì ni àwọn ènìyàn máa ń sọ nípa owó tí wọ́n fi bọ́ ọmọ ogun Íńdíà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀kan kò sì bá èkejì mu. Àwọn kan ní ọ̀fẹ́ ni Gẹ̀ẹ́sì lo Íńdíà: ó kó ọmọ ogun tó lé ní mílíọ̀nù méjì jọ níbẹ̀, ó kó wọn lọ jà ní Áfíríkà, ní Ítálì àti ní Bọ́mà, kò sì san kọ́bọ̀. Àwọn kejì ní rárá o, Ìlú Ọba ló gbé bùkátà náà, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ogun parí, Gẹ̀ẹ́sì di onígbèsè, Íńdíà sì di olówó rẹ̀. Àṣìṣe pọ́ńbélé ni ìtàn àkọ́kọ́. Òótọ́ ni ìkejì lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìwé náà parí yóò rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Láwìn ni Gẹ̀ẹ́sì ra ogun náà lọ́wọ́ Íńdíà. Kì í ṣe pé ó jí i kó. Wọ́n dúnàádúrà, wọ́n pín ẹrù, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, àdéhùn náà sì dára fún Íńdíà ju gbogbo èyí tó ti wà ṣáájú rẹ̀ lọ. Àmọ́ bí ìgbà tí oníbàárà bá kó iṣu gbogbo tó wà lórí àtẹ tán, tó ní kí ìyá oníṣu kọ ọ́ sínú ìwé, ilé oníṣu ni ebi ti máa kọ́kọ́ pa wọ́n kí owó tó dé. Ibi tí àwọn tó ń jiyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ẹni tí ìwé ní kó sanwó àti ẹni tó ru ìyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan náà.

Ìtàn àkọ́kọ́ kò ṣàdédé wáyé. Bó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn tó ń sọ ọ́ ń tọ́ka sí, a ò ní rí ẹ̀sùn kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Òfin ọdún 1858, èyí tó gba Íńdíà kúrò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ oníṣòwò East India Company fi lé ọba lọ́wọ́, sọ pé a kò gbọdọ̀ ná owó Íńdíà sórí ogun lẹ́yìn ààlà rẹ̀ láìjẹ́ pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí i, àyàfi bí ọ̀tá bá ń ya wọ ilẹ̀ náà. Ó dára létí. Ṣùgbọ́n ilé aṣòfin tó máa fọwọ́ sí i, ti àwọn tó fẹ́ jagun ni, kò sí ọmọ Íńdíà tó dìbò yàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n kó ọmọ ogun Íńdíà lọ bá ọba Tewodros jà ní Etiópíà ní 1867 sí 1868, Lọ́ńdọ̀nù san àlékún ìnáwó nìkan. Owó oṣù àwọn ọmọ ogun ṣì wà lọ́rùn Íńdíà. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé Íńdíà ì bá kúkú san owó oṣù yẹn bí àwọn ọkùnrin náà bá jókòó sílé. Èmi ò tíì rí ẹni tó yá òṣìṣẹ́ ẹlòmíràn lò tí irú àlàyé bẹ́ẹ̀ gbà á sílẹ̀. Wọ́n tún gbé owó lé Íńdíà lọ́rùn nígbà tí ogun dé Íjíbítì ní 1882. Nínú ogun Afganístánì ti 1878 sí 1880, ọrùn Íńdíà ni ẹrù náà kọ́kọ́ wà pátápátá, kí ìjọba Gladstone ní Lọ́ńdọ̀nù tó fi mílíọ̀nù 5 pọ́ùn ràn án lọ́wọ́.

Àpẹẹrẹ tí àwọn olóṣèlú Íńdíà kì í gbàgbé kò tilẹ̀ kan ogun rárá. Ní 1867, Sultan ilẹ̀ Tọ́kì wá kí Ìlú Ọba. Wọ́n ṣe àríyá ńlá fún un ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣàkóso Íńdíà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì kọ owó àríyá náà sínú ìwé ìnáwó Íńdíà. Àgbẹ̀ tó ń san owó ilẹ̀ ní Bengal ló sanwó àríyá tí kò gbọ́ ìró ìlù rẹ̀.

Dadabhai Naoroji ni ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí di ẹjọ́ tó ní ìṣirò nínú. Ọmọ Íńdíà ni, àwọn ará Finsbury Central ní Lọ́ńdọ̀nù dìbò yàn án sílé aṣòfin ní 1892, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1895. Nígbà tí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ Welby kalẹ̀ ní 1895 láti yẹ ìnáwó Íńdíà wò, ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà, ó sì tún jẹ́rìí níwájú rẹ̀. Kò sọ pé kí Íńdíà má sanwó ààbò. Ohun tó sọ ni pé bí ọmọ ogun yìí bá ń ṣọ́ ìjọba ọba káàkiri ayé, kí ìjọba ọba dá owó rẹ̀ pẹ̀lú Íńdíà. Ìwọ̀nba kékeré ni ìgbìmọ̀ náà fi dá a lóhùn nígbà tó jábọ̀ ní 1900. Ní 1917, nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́, Íńdíà tún gbé 100 mílíọ̀nù pọ́ùn fún Ìlú Ọba. Wọ́n pè é ní ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n owó yíyá àti owó orí ni wọ́n fi rí i.

Lẹ́yìn ogun yẹn ni afẹ́fẹ́ yí padà, èyí ni àwọn tó ń sọ ìtàn àkọ́kọ́ máa ń fò kọjá. Òfin 1919 ti dá ilé aṣòfin sílẹ̀ ní Delhi, níbi tí àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ti pọ̀ jù. Wọn kò lè gé owó ológun kù, nítorí òfin kò jẹ́ kí wọ́n dìbò lé e lórí; síbẹ̀ wọ́n lè pariwo, wọ́n sì lè kọ owó orí mìíràn. Ní oṣù Kẹta 1921, P. S. Sivaswamy Aiyer, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin náà, gbé àwọn ìpinnu kan wá síwájú ilé náà pé ìdí tí ọmọ ogun Íńdíà fi wà ni láti dáàbò bo Íńdíà. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ìgbà tí Lọ́ńdọ̀nù bá fẹ́ ọmọ ogun Íńdíà lò níbòmíràn, ìbéèrè tó ń kọ́kọ́ dé sọ́wọ́ àwọn ará Delhi ni: ta ló máa sanwó?

Owó ológun nìkan ló ń gba bíi ìdajì owó tí ìjọba àpapọ̀ Íńdíà ń pa wọlé. Ẹni tó mọ ètò ìṣúná mọ̀ pé kò sí ibi tí a ó ti rí àlékún. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé ìgbìmọ̀ onídàájọ́ kan kalẹ̀, Robert Garran, agbẹjọ́rò láti Ọsirélíà, ni alága rẹ̀. Ní 1933, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ náà jábọ̀, Lọ́ńdọ̀nù gbà láti máa fi mílíọ̀nù kan àbọ̀ pọ́ùn ṣètìlẹ́yìn fún owó ààbò Íńdíà lọ́dọọdún. Owó náà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ibi tí owó ti ń ti Íńdíà lọ ni ó ti ń padà wá báyìí. Ní 1939, ìgbìmọ̀ tí Admiral Chatfield darí tún dábàá pé kí wọ́n fi ohun ìjà ìgbàlódé ra ọmọ ogun Íńdíà padà kúrò nínú ìran ẹṣin àti ìbọn àtijọ́, kí Lọ́ńdọ̀nù sì fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó rẹ̀ tọrẹ, kó yá Íńdíà ní ìyókù.

Ogun dé kí wọ́n tó ṣe é tán. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 1939, Linlithgow, ajẹ́lẹ̀ àgbà ọba ní Delhi, kéde pé Íńdíà ti wà lójú ogun. Kò bi ẹnikẹ́ni nínú àwọn aṣòfin. Ẹgbẹ́ Congress, tó ń jà fún òmìnira Íńdíà, bínú, àwọn ìjọba tí wọ́n ń darí ní àwọn ẹkùn-ìpínlẹ̀ sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ ṣáájú òpin ọdún. Láàárín àkókò yẹn kan náà ni Delhi àti Lọ́ńdọ̀nù jókòó sórí ọ̀rọ̀ owó.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àwọn tó jókòó. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n níhà méjèèjì. Jeremy Raisman, tó ń bójú tó ìṣúná Íńdíà, ọmọ Leeds ni. Linlithgow, ọmọ Skọ́tíláǹdì. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣúra Lọ́ńdọ̀nù ló kọjú sí wọn. Nítorí èyí, àwọn kan gbà pé eré orí ìtàgé lásán ni ìdúnàádúrà náà, pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń bọ ọwọ́ òsì. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ara wọn kò jẹ́rìí sí èyí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Delhi ni yóò gba owó orí náà lọ́wọ́ ará ìlú, àwọn ni yóò dojú kọ ìyàn tàbí ìdìtẹ̀ bí ó bá wọni lọ́rùn jù. Wọ́n mọ̀ pé bí Congress bá lè na ìka sí owó Íńdíà kan tó ń lọ sí ogun Yúróòpù, ìgboro kò ní gbà á. Ìbẹ̀rù yẹn ni àwọn olóṣèlú tí kò sí lórí tábìlì fi jókòó síbẹ̀.

Àdéhùn tó jáde ní oṣù kọkànlá 1939, tí Raisman sì ṣàlàyé fún ilé aṣòfin nígbà tó ń ka ètò ìṣúná ní oṣù Kejì 1940, kò ṣòro láti lóye. Íńdíà yóò máa san iye tó ń ná sórí ọmọ ogun rẹ̀ nígbà àlàáfíà, èyí tí wọ́n fi sí 367.7 mílíọ̀nù rúpì lọ́dún, wọn yóò sì máa bù kún un bí ọjà bá ṣe ń wọ́n sí i. Yóò san owó ohunkóhun tó bá jẹ́ ti ààbò Íńdíà nìkan nínú ogun náà. Yóò sì fi mílíọ̀nù 10 rúpì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kún owó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó wà lókè òkun. Gbogbo ìyókù, ìyẹn owó àwọn ọmọ Íńdíà tó ń jà lẹ́yìn ààlà, àti ọjà tí Lọ́ńdọ̀nù bá ń rà ní Íńdíà fún ogun, ọrùn Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Nígbà yẹn, pọ́ùn kan jẹ́ rúpì 13 àti díẹ̀. Mílíọ̀nù 10 rúpì kò ju 750,000 pọ́ùn lọ. Ẹ fi èyí wé 100 mílíọ̀nù pọ́ùn ti 1917.

Ẹni tó bá sọ pé Gẹ̀ẹ́sì kò san kọ́bọ̀, àdéhùn yìí já a ní irọ́. Ẹni tó bá sì sọ pé Íńdíà kò san nǹkan kan, òun náà ń ṣìnà. Lẹ́yìn tí Japan wọ ogun ní oṣù Kejìlá 1941, tí Bọ́mà sì bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ ní 1942, ìlà oòrùn Íńdíà gan-an di ojú ogun. Ohun tí ó jẹ́ ààbò Íńdíà nìkan wá fẹ̀ sí i: pápá ọkọ̀ òfurufú, ojú ọ̀nà, ọmọ ogun tó wà nínú ilé. Nígbà tí ogun parí, ìpín Íńdíà àti ìpín Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Báwo wá ni Lọ́ńdọ̀nù ṣe san tirẹ̀? Ibi tó tóbi jù nìyí. Gẹ̀ẹ́sì kò ní wúrà, kò ní ọjà tó lè fi ránṣẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe bọ́ǹbù. Ohun tó ṣe ni pé ó ń kọ iye tó jẹ sí orúkọ báǹkì àpapọ̀ Íńdíà nínú ìwé báǹkì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń fún un ní ìwé gbèsè ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Báǹkì àpapọ̀ Íńdíà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935, wá ń tẹ rúpì sórí ìwé gbèsè yẹn, òfin gbà á láyè, wọ́n sì ń fi rúpì tuntun náà san owó oṣù ọmọ ogun, owó aṣọ, àgọ́, bàtà, jútù, irin láti Jamshedpur, ọkà. Ṣáájú ogun, owó bébà tó wà nígboro Íńdíà kò tó bílíọ̀nù 2 rúpì. Nígbà tí ogun parí, ó ti ju bílíọ̀nù 11 lọ. Owó pọ̀ sí i, ọjà tí wọn ì bá fi rà ti wọkọ̀ lọ.

Ní 1943, iye tí wọ́n ń ta ọjà ní Íńdíà ti ju ìlọ́po méjì ti 1939 lọ. Ọ̀wọ́n gógó yẹn ni owó orí tí ilé aṣòfin kankan kò dìbò sí. Àwọn tó ń ta ọjà fún ìjọba rí jẹ, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá rí àlékún owó oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n alágbàṣe oko tí wọ́n ń san owó fún lójoojúmọ́, apẹja, àwọn tí kò ní ilẹ̀, kò rí nǹkan dì mú. Ní Bengal ní 1943, lẹ́yìn tí ìrẹsì Bọ́mà kò wá mọ́, tí ìjọba sì gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ ojú omi káàkiri etíkun nítorí ìbẹ̀rù Japan, ìyàn mú. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba fojú bù ú pé mílíọ̀nù kan àbọ̀ ènìyàn ló kú. Àwọn onímọ̀ tó wá lẹ́yìn fi í sí nǹkan bí mílíọ̀nù 3. Ìyàn náà ní ìdí púpọ̀, n kò sọ pé àdéhùn owó nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣírò iye tí Íńdíà san fún ogun, tó sì dúró lórí ìwé ìṣúná nìkan, kò kà wọ́n.

Lọ́wọ́ kan náà, ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù ń sanra. Ṣáájú ogun, Íńdíà jẹ Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí 350 mílíọ̀nù pọ́ùn. Kí ogun tó parí, wọ́n ti fi díẹ̀ nínú owó tuntun yìí san fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ní òpin ogun, Íńdíà ṣì ní nǹkan bí bílíọ̀nù 1.3 pọ́ùn nílẹ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun, kò lè gbà á. Láti 1942 ló ti ń bínú nínú ìpàdé àwọn mínísítà rẹ̀ pé báwo ni a ṣe máa dáàbò bo Íńdíà, kí a sì tún jẹ ẹ́ lówó? Ó fẹ́ kí wọ́n gbé ìwé ìdíyelé tiwọn dìde láti fi pa gbèsè náà rẹ́. Leo Amery, mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ Íńdíà, àti Linlithgow pẹ̀lú Raisman ní Delhi, ló dì í mú: bí ẹ bá ti já àdéhùn ní àárín ogun, wọ́n ní, ọjà kò ní jáde mọ́. Wọn kò já a. Àmọ́ wọ́n fi ẹnu ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé wọ́n lè padà sórí rẹ̀.

Ẹ̀rù pé wọ́n máa padà sórí rẹ̀ ló gbé àwọn aṣojú Íńdíà dé ìpàdé tí wọ́n ti ń gbé àjọ owó àgbáyé kalẹ̀ ní Bretton Woods ní Amẹ́ríkà ní oṣù Keje 1944. Raisman ló ṣáájú wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Íńdíà bíi A. D. Shroff, Chintaman Deshmukh àti Shanmukham Chetty ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí àjọ owó àgbáyé tuntun náà ran àwọn tí Lọ́ńdọ̀nù jẹ lówó lọ́wọ́ láti sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di dọ́là. Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́, Amẹ́ríkà kò fẹ́. Ní oṣù Kejìlá 1945, nígbà tí Lọ́ńdọ̀nù yá bílíọ̀nù 3.75 dọ́là lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn yẹn pé kí àwọn orílẹ̀-èdè tó ní irú owó bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù dá apá kan rẹ̀ sílẹ̀. Íńdíà kò dá a sílẹ̀.

Nàìjíríà kan ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀nà méjì. Àwọn ọmọ wa wà nínú ìpín 81 àti 82 ti ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n gba Íńdíà kọjá lọ sí Arakan ní Bọ́mà láti 1943. Kòkó wa pẹ̀lú lọ sínú irú ìwé kan náà: láti ìbẹ̀rẹ̀ ogun, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń ra gbogbo kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní iye tí òun fúnra rẹ̀ dá, èrè tó sì ṣẹ́ kù wà lọ́dọ̀ àjọ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí Sivaswamy Aiyer ní Ìbàdàn. Ìgbìmọ̀ aṣòfin Nàìjíríà nígbà náà ní ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́rin péré tí wọ́n dìbò yàn, mẹ́ta láti Èkó, ọ̀kan láti Kàlàbá. Àgbẹ̀ kòkó Oǹdó àti Iléṣà kò ní ẹni tí yóò bá ilé ìṣúra Lọ́ńdọ̀nù jiyàn lórí iye tí wọ́n ń san fún àpò kan, kò sì sí ìwé kankan tó ní orúkọ rẹ̀ lórí gẹ́gẹ́ bí olówó.

Ní oṣù Kẹjọ 1947, bí òmìnira ṣe ń wọlé, wọ́n ṣe àdéhùn ìgbà díẹ̀ pé kí bíi bílíọ̀nù 1.16 pọ́ùn tó kù wà nínú àkáǹtì tí a tì pa, kí wọ́n máa ṣí díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀. Ní oṣù Keje 1948, Chetty tí ó ti di mínísítà ìṣúná Íńdíà lọ parí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n yọ 100 mílíọ̀nù pọ́ùn fún ohun ìjà àti ilé ológun tí Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀, wọ́n sì fi 168 mílíọ̀nù ra owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ti sin ìjọba ní Íńdíà. Owó tí Íńdíà gbà fún ogun ló fi sanwó ìfẹ̀yìntì àwọn tó ṣàkóso rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1949, Lọ́ńdọ̀nù já pọ́ùn wálẹ̀ láti dọ́là 4.03 sí 2.80, ohun tí ó kù sì fi bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín kù lójú ẹni tó fẹ́ fi ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Íńdíà ń fa ìyókù díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ra ọkà, ẹ̀rọ àti ohun èlò ilé iṣẹ́ irin, títí di 1957, nígbà tí ìṣòro owó ilẹ̀ òkèèrè dé, tí èyí tó ṣẹ́ kù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.